Ṣé Màlúù Ló Kó Ikọ́ Ife Ràn Wá, àbí Àwa La Kó O Ràn Án?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, torí ìtàn ni. Ẹni tó bá wà lórí ọ̀kadà, kó dé ibi tó ń lọ ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nílé ìpẹran kan, mo fẹ́ ra ẹran ìnáwó. Wọ́n ti dúńbú màlúù náà, alápatà ti là á, ó wá fa fùkùfùkù yọ, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró. Kókó ló kún ara ẹ̀. Òmíràn ò ju ẹ̀pà lọ, òmíràn tó ekùrọ́. Ó gé ọ̀kan sí méjì, nǹkan pupa rúsúrúsú bíi wàrà tó ti gbẹ ló wà nínú ẹ̀, ọ̀bẹ sì ń dún bí ẹni pé iyanrìn wà ńbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, òtútù ló mú un." Ó gé ibi tó ní kókó sọ nù, ó kó ìyókù sórí tábìlì. Kò pẹ́ rárá, wọ́n ti rà á tán.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí mo rí fún dókítà ẹran kan, ó mi orí. Ó ní ikọ́ ife màlúù ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ife kan náà tí àwọn míì ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń pè ní TB lọ́sibítù. Mo ní, "Àwa náà ò ha ń ní in?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò tiwọn àti tiwa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ló kọ́kọ́ ní in? Ṣé màlúù ló kó o ràn wá nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, àbí àwa la kó o ràn án? Ó lè dà bí ìbéèrè ọmọdé, àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ti lo ohun tó lé ní 100 ọdún lórí ẹ̀, àwọn ńlá ńlá inú wọn sì ti ṣìnà. Kòkòrò náà fúnra ẹ̀ ló wá jẹ́rìí nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká ti ìlú Berlin ní Jámánì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Koch dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó ní òun ti rí ohun tó ń fa ikọ́ ife. Ó ní nínú èèyàn méje tó bá kú, ikọ́ ife ló ń pa ọ̀kan. Nígbà yẹn, àwọn kan gbà pé àrùn ìdílé ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń jogún ẹ̀. Koch ní kòkòrò ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ojú lásán ò lè rí i, kódà ó ń sá fún maikirosíkóòpù pàápàá, àfìgbà tí Koch fi aró búlúù pa á kó tó hàn. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta yẹn ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ ikọ́ ife títí dòní.

Koch rò pé kòkòrò kan náà ló ń ṣe èèyàn àti màlúù. Ní 1898, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Theobald Smith, fi hàn pé ti màlúù yàtọ̀ díẹ̀ sí tèèyàn. Koch gbà. Ibi tó gbà á dé ló wá di wàhálà. Ní 1901, níbi ìpàdé ńlá kan ní London, ó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí méjèèjì ti yàtọ̀, ti màlúù ò fi bẹ́ẹ̀ lè ran èèyàn, kò sì sídìí tí ìjọba fi máa ṣòfin lórí wàrà àti ẹran torí ẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹni tó rí kòkòrò náà fún aráyé ló sọ̀rọ̀ yìí. Ta ló fẹ́ jà á níyàn?

Ìjọba Ìlú Ọba ò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di 1911, wọ́n ti rí i dájú pé ti màlúù ń ran èèyàn, pàápàá àwọn ọmọdé tó ń mu wàrà tútù. Ọrùn ọmọ á wú, á so kókó, tàbí kí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wàrà ò tètè yanjú. Ní nǹkan bí 1930 sí 1939, bíi 40 nínú 100 màlúù tí wọ́n ń fún wàrà lára ẹ̀ ní Ìlú Ọba ló ní àrùn náà, ó sì ń pa ju 2,000 èèyàn lọ lọ́dún. Wàrà sísè lórí iná kí wọ́n tó tà á, àti yíyẹ màlúù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lohun tó kápá ẹ̀ níkẹyìn.

Ohun tí wọ́n fi ń yẹ màlúù wò náà, Koch ló ṣe é. Ó kéde ẹ̀ ní 1890 pé oògùn tó ń wo ikọ́ ife ni. Kò wò ó o, ojú ti bàbá náà. Àmọ́ àwọn dókítà ẹran rí i pé tí wọ́n bá gún un sábẹ́ awọ màlúù tó ní àrùn náà, ojú ibẹ̀ á wú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Títí dòní, ohun tí wọ́n fi ń yẹ màlúù wò nìyẹn káàkiri ayé. Oògùn tó kùnà fún èèyàn ló di olùṣọ́ fún agbo ẹran.

Ẹ wo apá òsì yín báyìí, lápá òkè. Àpá kékeré kan wà ńbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún wa nígbà tí wọ́n bí wa ni, wọ́n ń pè é ní BCG. Inú kòkòrò màlúù ni wọ́n ti mú un jáde. Àwọn ará Faransé méjì ló ṣe é ní ìlú Lille: Albert Calmette, dókítà èèyàn, àti Camille Guérin, dókítà ẹran. Kòkòrò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ara màlúù kan tí ikọ́ ife mú lọ́mú ló ti wá. Láti 1908, wọ́n ń gbìn ín sórí ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ti fi òróòro màlúù sè. Bó bá hù tán, wọ́n á bù nínú ẹ̀, wọ́n á tún un gbìn sórí òmíràn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, Jámánì gba ìlú náà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò dáwọ́ dúró. Ọdún 13, ẹ̀ẹ̀mejì lé ní 230. Ẹ dákun, mo ṣì í, ìgbà 230 ni. Nígbà tó yá, kòkòrò náà ti rọ̀, kò lè pa ẹran kankan mọ́, àmọ́ ara ẹni tí wọ́n bá fún ṣì ń dá a mọ̀. Ní 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ìkókó kan ní Paris. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń mú èso tó dáa gbìn lọ́dọọdún, ẹ mọ irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣẹ́ ẹ títí ó fi di ohun ọ̀sìn.

Ká padà sórí ìbéèrè wa. Ta ló kọ́kọ́ ní in?

Ohun tó wà nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́ ni pé màlúù ni. Èrò náà sì mọ́gbọ́n dání. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ní agbègbè Tọ́kì àti Síríà òde òní, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sin màlúù. Wọ́n ń sùn tì í, wọ́n ń mu wàrà ẹ̀, wọ́n ń mí èémí kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Àrùn ò ní ṣe kó má fò sí wọn lára. A kúkú mọ̀ pé kòkòrò tó ń fa èéyi lára ọmọdé, ìbátan kòkòrò àrùn màlúù kan tó ti ń run agbo ẹran láti ìgbà láéláé ni. Torí náà, wọ́n ní ẹ̀bùn iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ikọ́ ife: a gba ẹran, a gba wàrà, a gba àrùn mọ́ ọn.

Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó bá ojú mu ni.

Ní 1998, àwọn ọ̀mọ̀wé Ìlú Ọba àti ti Faransé jọ ka gbogbo DNA kòkòrò ikọ́ ife tèèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. DNA ni ìwé tí gbogbo ohun alààyè fi ń mọ bó ṣe máa ṣe ara ẹ̀, iṣu o, màlúù o, èèyàn o. Ìwé kòkòrò yìí tó lẹ́tà mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ti màlúù náà, wọ́n rí i pé nínú lẹ́tà 10,000, èyí tó fi yàtọ̀ sí tèèyàn ò tó márùn-ún. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ibi tí ojú ìwé ti já ló sọ ìtàn náà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ ṣàlàyé ẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ alájọ kan ní ìwé kan tí wọ́n ń dà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá kan ń dà á kọ, ó fo ojú ìwé kẹsàn-án. Gbogbo ẹni tó bá da tiẹ̀ kọ, kò ní ní ojú ìwé kẹsàn-án, torí kò sí bó ṣe máa hù padà. Bí ẹlòmíì nínú àwọn tó dà á kọ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ bá tún fo ojú ìwé kejìlá, àwọn tó bá tẹ̀ lé ìyẹn máa ṣaláìní méjèèjì. Bí ẹ bá wá kó gbogbo ìwé náà jọ, ẹ máa mọ ẹni tó dà á kọ lọ́wọ́ ta. Ẹni tí ìwé ẹ̀ ṣì ní ojú ìwé kẹsàn-án ò lè sọ pé ọwọ́ ìyá yẹn lòun ti dà á kọ.

Bí kòkòrò ikọ́ ife ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ kòkòrò máa ń yá DNA lọ́wọ́ ara wọn, èyí kì í yá. Ohun tó bá ti sọ nù lára ẹ̀ ti lọ náà nìyẹn. Ní 2002, Roland Brosch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Pasteur ní Paris kó 100 kòkòrò ikọ́ ife jọ, ti èèyàn, ti màlúù àti ti ẹranko míì, wọ́n sì wo ogún ibi tí ojú ìwé ti lè já. Ti màlúù ló ní ihò jù. Tèèyàn ṣì ní àwọn ojú ìwé tí ti màlúù ti sọ nù pátápátá.

Ó tán. Tèèyàn ò lè jẹ́ ọmọ ti màlúù. Ìtàn tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà láéláé wó lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ má gbàgbé BCG o. Ìwé kíkà yìí kan náà ló jẹ́ ká mọ ohun tí Calmette àti Guérin ṣe láìmọ̀. Láàárín ọdún 13 tí wọ́n ń gbin kòkòrò náà sórí ànàmọ́, ó sọ àpá kan nù nínú DNA ẹ̀, àpá yẹn sì wà lára ohun tó fi ń ṣèèyàn léṣe. Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé ohun tá a wá ń sọ ni pé àwa la kó o ràn màlúù? Mo ti rí àwọn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé àgbẹ̀ ló kó àrùn bá ẹran ọ̀sìn ẹ̀. Ẹ rọra. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé méjèèjì ní babańlá kan, pé ẹ̀ka ti màlúù jáde lẹ́yìn, ó sì ń dín kù bó ṣe ń lọ. Ara ta ni babańlá náà ń gbé, èèyàn àbí ẹran ìgbẹ́ kan, ojú ìwé tó já ò sọ ìyẹn.

Ibi tí ẹ̀ka ti màlúù ti yà kúrò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí, torí ó sún mọ́ ilé. Oríṣi ikọ́ ife èèyàn kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní 1968. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mọ́ Áfíríkà. Ẹ̀ka méjì pàtàkì ló ní: ọ̀kan pọ̀ lápá Gánà, Benin níbi tí Kútọnu wà, àti Nàìjíríà, èkejì pọ̀ lápá Gáḿbíà àti Guinea-Bissau. Ní ibi tó kù láyé, àfi tí ará ọ̀dọ̀ wa bá gbé e rìnrìn àjò débẹ̀. Ẹbí àwọn oríṣi tiwa yìí ni kòkòrò màlúù, ti ewúrẹ́ àti ti ọ̀pọ̀ ẹranko míì ti ya. Oríṣi míì tún wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní Djibouti, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn ju gbogbo ikọ́ ife tó kù láyé lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin iṣu, ẹ mọ bá a ṣe ń mọ ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀: ibi tí oríṣi ẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ ó wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé Áfíríkà ni ikọ́ ife ti jáde, bí èèyàn fúnra ẹ̀ ṣe jáde níbẹ̀.

Ọjọ́ orí ẹ̀ ni wọn ò tíì fẹnu kò lé. Kòkòrò máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá mọ bó ṣe ń yára tó lè ka ọdún padà sẹ́yìn. Ní 2013, àwọn kan ka kòkòrò 259 láti gbogbo ayé, wọ́n ní ó ti wà pẹ̀lú èèyàn láti nǹkan bí 70,000 ọdún, pé ó bá àwọn baba ńlá aráyé jáde kúrò ní Áfíríkà ni. Ọdún kejì ẹ̀, àwọn míì ní rárá, kò tó 6,000 ọdún.

Ibi tí àwọn ìkejì yìí ti rí tiwọn ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Egungun àwọn tó kú ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀ ti fi hàn tipẹ́ pé wọ́n ní ikọ́ ife. Màlúù ò sì sí ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, òyìnbó ló kó o dé. Ta ló wá gbé àrùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn? Ní 2014, wọ́n ka DNA kòkòrò tó wà nínú egungun èèyàn mẹ́ta tí wọ́n sin sí Pẹrú ní ohun tó lé ní 700 ọdún sẹ́yìn. Kò jọ ti màlúù, kò jọ ti òyìnbó. Ti síìlì ló jọ, ẹranko ńlá tó ń gbé inú òkun, tó máa ń wá sinmi létíkun. Síìlì ló gbé e la òkun kọjá, àwọn tó ń pa síìlì jẹ sì kó o lára ẹ̀.

Ní 2020, wọ́n tún rí ẹlẹ́rìí míì. Bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìlú Lund, ní Swídìn, Peder Winstrup lorúkọ ẹ̀, ó kú ní 1679. Òkú ẹ̀ gbẹ, kò jẹrà. Nígbà tí wọ́n yà á ní àwòrán inú ara, wọ́n rí kókó kékeré kan tó le bí òkúta nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, kòkòrò ikọ́ ife ló wà nínú ẹ̀, DNA ẹ̀ ṣì pé. Kókó tí mo rí lọ́wọ́ alápatà ló wá sí mi lọ́kàn: ara máa ń kọ́ ilé òkúta yí kòkòrò náà ká kó má bàa jáde ni. Ìṣirò tí wọ́n fi ti bíṣọ́ọ̀bù ṣe náà gbè sẹ́yìn àwọn tó ní kò tó 6,000 ọdún. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn míì ti sọ pé àwọn rí i nínú egungun ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ tó ti wà lábẹ́ omi létíkun Ísírẹ́lì fún 9,000 ọdún. Ìjà náà ò tíì parí.

Ohun kan wà tó ń jẹ́ kí n máa fà sápá àwọn tó ní ó ti pẹ́. Ẹ wo èéyi. Tó bá wọ abúlé kékeré, á ràn, á pa tó máa pa, àwọn tó kù á di ẹni tí kò lè ràn mọ́, á tán. Ó nílò ìlú ńlá kó tó lè wà láàyè. Ikọ́ ife ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè sá pamọ́ sára èèyàn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kí ẹni náà dàgbà, kí ara ẹ̀ rẹ̀, kó tó wá jáde sí àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀. Irú ìwà bẹ́ẹ̀, àwọn ọdẹ tó ń rìn káàkiri ní èèyàn ogún, ọgbọ̀n, ló bá mu, kò jọ ohun tí wọ́n kọ́ nínú ìlú. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ń ka DNA.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin oníṣòwò màlúù. Kòkòrò yìí mọ ọ̀nà ọjà ju bá a ṣe rò lọ. Ti màlúù Ìlú Ọba ní ìdílé kan tó dá yàtọ̀. Ìdílé yẹn ni wọ́n ń rí ní Ọsirélíà, Níú Sílándì, South Africa, Amẹ́ríkà àti Kánádà, gbogbo ibi tí ọkọ̀ òkun òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kó màlúù lọ. Kí lẹ rò pé ó máa wà lára màlúù tiwa, nígbà tí òyìnbó kan náà ló jọba lé wa lórí? Ní 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gbé àbájáde tiwọn jáde. Ti màlúù wa ò jọ ti Ìlú Ọba, kò jọ ti Faransé. Ti Kamẹrúùnù ló jọ. Nígbà tó di 2009, wọ́n ti mọ̀ pé ìdílé kan ṣoṣo ló gbòde ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Ṣáàdì àti Málì. Ọ̀nà tí àwọn Fúlàní àti àwọn oníṣòwò ń da màlúù gbà láti ọjọ́ pípẹ́ ni kòkòrò náà gbà. Òyìnbó ò ní ọwọ́ ńbẹ̀. Kò sí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà tó lè sọ ọ́ ṣàkó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Ìbàdàn yẹn tún sọ nǹkan míì. Nínú àwọn aláìsàn ikọ́ ife tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 13 nínú 100 ló jẹ́ pé oríṣi Áfíríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan àti ti màlúù ló ń ṣe wọ́n. Ní 2012, wọ́n tún rí ti màlúù lára àwọn tó ń ta màlúù àti àwọn alápatà ní Ìbàdàn kan náà.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì rèé. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ikọ́ ife. Ọ̀kan nínú wọn, pyrazinamide, kì í ran ti màlúù rárá, láti ìpilẹ̀ ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n sábà fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò lọ́sibítù yóò sọ pé ikọ́ ife ni, kò ní sọ pé ti màlúù ni. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹran, bẹ́ ẹ bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ ń rù, tí òógùn ń bò yín lóru, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Kẹ́ ẹ sì sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe fún dókítà, ẹ má dúró dìgbà tó bá bi yín.

Ní ti wàrà: wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní fi ewé bọmubọmu sè lórí iná títí tó fi dì, iná ti pa kòkòrò yẹn. Èyí tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ni nọ́nọ̀ tí wọn ò gbé ká iná, tí wọ́n kàn jẹ́ kó kan. Kíkan ò tó láti pa á. Ẹ sè é kó hó kẹ́ ẹ tó fi kan, adùn ẹ̀ ò ní lọ. Bí darandaran yín bá sì ń wúkọ́, ẹ má jẹ́ kó máa sùn ti ẹran, torí tèèyàn náà ti wọ ara màlúù rí.

Koch ní òtítọ́ pé méjèèjì yàtọ̀. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó rò pé torí wọ́n yàtọ̀, ọ̀kan ò lè wọlé èkejì.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n alápatà yẹn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan bíṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín sí ti síìlì. Mo ní tó bá tún rí irú kókó yẹn, kó pe dókítà ẹran, kó má ta fùkùfùkù náà. Bó bá sì ti tàn dé ibi púpọ̀ lára ẹran, wọ́n lè ní kó da gbogbo ẹ̀ nù. Mo sọ fún un pé ní Ìlú Ọba, ìjọba ló ń san owó fún ẹni tí wọ́n bá pa màlúù ẹ̀ torí àrùn yìí. Ó nu ọ̀bẹ ẹ̀ mọ́ aṣọ, ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Níbí ńkọ́, ta ló máa san tèmi?"